Òru tí mo yí nọ́ńbà mi padà

Ẹnìkan tí a jọ máa ń wo ìràwọ̀ rí àmì kan nínú fọ́tò rẹ̀ tí kò sí nínú èyí tó yà ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Ó ní ó jọ nova, ìyẹn ìràwọ̀ tó ń gbiná lójijì, kí àwa yòókù bá òun wò ó. Ara mi yá gágá, mo gbé awò awọ̀nàjíjìn síta.

Mo rí i lóòótọ́. Ìràwọ̀ méjì tí àtẹ AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà, ti fún ní magnitude (nọ́ńbà ìmọ́lẹ̀) wà nítòsí rẹ̀, 8.8 ni ọ̀kan, 9.4 ni èkejì. Tèmi wà láàárín, ó sì sún mọ́ èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó. Mo kọ 9.2. Lẹ́yìn náà ni mo wo ohun tí àwọn tó fi kámẹ́rà wò ó ti kọ: 8.5, 8.6, 8.5. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ìràwọ̀ ṣe ń mọ́lẹ̀ tó, nítorí náà ó dà bí ẹni pé ojú mi ń ṣe bàìbàì. Ojú tì mí. Mo pa tèmi rẹ́, mo kọ 8.7.

Kí ló wá bàjẹ́ níbẹ̀? Nova máa ń wáyé nígbà tí arará funfun kan, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù lára ìràwọ̀ tó ti kú, bá ń fa háídírójìn lára ìràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí tí ohun tó kó jọ yóò fi gbiná lójijì. Ìràwọ̀ tiwa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹnìkan pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ bí òṣùmàrè, ìlà háídírójìn tó yẹ kó ràn gbòò níbẹ̀ kò sí. Ìràwọ̀ pupa tó tutù ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Mira, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i tó sì tún ń dínkù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ti wà tipẹ́ nínú VSX, àkójọ tí AAVSO ń kọ irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. A ò kàn yẹ̀ ẹ́ wò ni, èmi náà ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Kámẹ́rà tí kò ní asẹ́ àwọ̀ (filter) sì máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa ju ojú ènìyàn lọ. Òótọ́ ni 9.2 mi! Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojú àti kámẹ́rà ìbá ti fi hàn pé ìràwọ̀ náà pọ́n. Kò ní tó láti dá ẹjọ́, nítorí nova fúnra rẹ̀ lè pọ́n bó bá yá, ṣùgbọ́n ìbá ti jẹ́ kí ẹnìkan béèrè ìbéèrè. Èmi ni mo pa á rẹ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá wo ohun tí a kò tíì dá mọ̀, ẹ kọ tiyín kí ẹ tó ka ti ẹlòmíràn. Ẹ kọ aago UT, ìyẹn aago àgbáyé, àti àwọn ìràwọ̀ tí ẹ fi wé e. Ẹ má tẹjú mọ́ ìràwọ̀ pupa pẹ́, ńṣe ni yóò máa dà bí ẹni pé ó ń ràn sí i. Ẹ bi ẹni tó rí i pé ọjọ́ wo ló ya fọ́tò tó ṣáájú. Oṣù mẹ́rin ti pọ̀ jù, ọjọ́ díẹ̀ ni nova fi ń yọ. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ẹ kọ magnitude ìràwọ̀ tó ṣókùnkùn jù tí ẹ rí, nítorí ibẹ̀ ni a ó ti mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ nova lóòótọ́, ẹ má tètè kó awò yín wọlé. 9.6 ni nova tí wọ́n ń pè ní V1405 Cas nígbà tí Yuji Nakamura, ará Japan tó ń wo ìràwọ̀, rí i ní 18 March 2021. Ọ̀pọ̀ ló ti sú kí ó tó di oṣù May, tí ó mọ́lẹ̀ débi tí ojú lásán fi lè rí i níbi tí òkùnkùn bá ti ṣú dáadáa.

Inú ilé ni fóònù mi máa ń wà báyìí títí n ó fi kọ nọ́ńbà mi tán. Bírò ni mo sì fi ń kọ ọ́.