Ẹ̀fẹ̀ tí kò lóhùn: bí mo ṣe so láptọ́ọ̀pù àtijọ́ mọ́ tẹlifíṣọ̀n Màmá mi

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni Màmá mi ti ń sọ fún mi pé àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn àbúrò àwọn. Àbúrò wọn ọkùnrin yẹn, Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ làwa ọmọdé máa ń pè wọ́n, àwọn ló máa ń kọrin Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn orin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ládùúgbò wa níbí ní Kétu ní Benin, wọ́n sì ti jáde láyé láti 2015. Fídíò kan ṣoṣo ló wà tó ní ohùn wọn nínú, èmi ni mo yà á ní 2011 pẹ̀lú kámẹ́rà kékeré kan tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, àtìgbà yẹn ló ti wà nínú láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́, èyí tí mo rà ní Èkó ní 2008 nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa yìí wà lára ohun àjogúnbá tí UNESCO kọ sílẹ̀ ní 2008, èèyàn lè rí fídíò ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀, inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló wà.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Windows XP ló bá wá, mo ti fi Windows 7 sí i, ó máa ń gbóná, bátìrì ẹ̀ ò lè lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wàhálà wà ni pé ojú Màmá ò ríran dáadáa mọ́, tí mo bá gbé e síwájú wọn wọ́n á ní òkùnkùn làwọn ń rí, sípíkà ẹ̀ náà, àfi kéèyàn gbé etí tì í. Bẹ́ẹ̀ tẹlifíṣọ̀n gbàgàdà wà ní pálọ̀, íǹṣì 32, tòkunbọ̀ ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń ti Faransé bọ̀ tí wọ́n ń já ní èbúté Kútọnu.

Mo kọ́kọ́ gba ọ̀nà tó rọrùn. Mo da fídíò náà sínú fláàṣì, mo kì í bọ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó kọ orúkọ fáìlì náà jáde, ó ní òun ò lè kà á. Àwọn kámẹ́rà kékeré ìgbà yẹn, irú ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Motion JPEG ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń tọ́jú fídíò, tẹlifíṣọ̀n púpọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n kà. Lórí láptọ́ọ̀pù, VLC, ètò kan tó ń ka fídíò, ń kà á láìjanpata. Ni mo bá sọ lọ́kàn mi pé tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ló mọ̀ ọ́n kà, kí láptọ́ọ̀pù kà á, kí tẹlifíṣọ̀n kàn gbé ojú àti ohùn ẹ̀ jáde.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á yìí fetí sí i torí owó ló ń gbé lọ. Mi ò wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, mi ò wo ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù dáadáa, mo gba ọjà lọ, mo ní kí wọ́n fún mi ní ohun tí wọ́n fi ń so ordinateur (kọ̀ǹpútà) mọ́ télé. Ọmọkùnrin tó ń tajà náà bi mí pé ṣé èyí tó ní ẹnu búlúù ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó fún mi ní nǹkan kékeré kan tí ẹnu kan ẹ̀ jẹ́ HDMI (ẹnu pẹlẹbẹ tí àwọn ẹ̀rọ tuntun ń lò), tí ẹnu kejì jẹ́ búlúù, mo san 5000 sẹ́fà. Mo délé, ẹnu búlúù náà ò bá ihò tó wà lára láptọ́ọ̀pù mu, ihò ni òun náà, láptọ́ọ̀pù ihò. Ohun tó fún mi, ti àwọn tí láptọ́ọ̀pù wọn jẹ́ tuntun ni, tó ní HDMI, tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́ ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́. Tèmi òdìkejì ẹ̀ ni. Kò sì sí bí èèyàn ṣe lè yí i po kó ṣiṣẹ́ o, torí nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó ń túmọ̀ èdè kan sí èkejì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ará ilé yín: tí wọ́n bá fẹ́ ra irú ẹ̀, láti orí láptọ́ọ̀pù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà, "VGA lọ sí HDMI" (VGA ni ẹnu búlúù yẹn) yàtọ̀ sí "HDMI lọ sí VGA".

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo rí gbogbo ohun tó yẹ kí n ti rí kí n tó jáde nílé. Lára láptọ́ọ̀pù, ihò búlúù yẹn nìkan ló wà tó lè gbé àwòrán jáde. VGA ni wọ́n ń pè é, IBM ló gbé e jáde ní 1987, ihò 15 ló ní ní ìlà mẹ́ta. HDMI, ìparí 2002 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ òfin ẹ̀ jáde, ó sì pẹ́ gan-an kó tó kárí àwọn láptọ́ọ̀pù, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ìgbà tèmi ò fi ní in. Lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, HDMI méjì wà, ihò yẹ́lò, funfun àti pupa wà, péritel wà (ihò gbọọrọ kan tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ tẹlifíṣọ̀n; tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó bá ti Faransé bọ̀, ẹ máa rí i níbẹ̀, láti 1980 títí di 2015 ni ìjọba wọn fi ní dandan ni), àti nísàlẹ̀ pátápátá, nínú eruku, ihò búlúù kan náà, wọ́n kọ PC sí i. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ tá a ti rà á. Ohun tí mo nílò ò ju wáyà VGA lásán lọ, tí ẹnu méjèèjì ní eyín.

Ẹnì kan ti ní kí n lọ wá wáyà VGA sí péritel, ẹ má ṣe é. Láptọ́ọ̀pù ń fa ìlà ó kéré tán bí ẹgbẹ̀rún 31 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan jáde láti ẹnu VGA, péritel ẹgbẹ̀rún 15 àti díẹ̀ ló ń retí, àwòrán á kàn máa sáré bí omi ni.

Wáyà náà, bàbá tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí ọjà ni mo bá a lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí n mú un lọ lò. Mo wo ẹnu ẹ̀, eyín kan ò sí níbẹ̀, mo ní, "Bàbá, eyín kan ti kán nínú èyí o." Wọ́n ní, "Rárá, ọmọ mi, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn." Òótọ́ ni, eyín kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ wáyà VGA ni kò ní in, kò sì dí nǹkan kan lọ́wọ́. Èyí tó tẹ̀ ni kéèyàn máa bẹ̀rù. Ẹ rọra ki wáyà náà bọ ihò ẹ̀ jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí àwọn ìdè méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó mú dáadáa, torí tó bá yẹ̀ díẹ̀ àwọ̀ á yí padà, gbogbo èèyàn á pọ́n tàbí kí wọ́n dàbí ewé.

Mo so ó tán, tẹlifíṣọ̀n ní kò sí àmì kankan. Rìmóòtù ni mo kọ́kọ́ mú, mo tẹ source títí ó fi kan PC. Ó ṣì dúdú. Láptọ́ọ̀pù kì í dédé fi ojú ẹ̀ ránṣẹ́ síta, àfi kéèyàn sọ fún un: lórí Windows 7 sókè, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú kẹ́ ẹ tẹ P, ẹ yan èyí tó ní kí ojú méjèèjì máa gbé nǹkan kan náà. Tó bá jẹ́ XP, bọ́tìnnì Fn ni, pẹ̀lú ọ̀kan lára F tó wà lókè tí wọ́n ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà sí. Mo tẹ̀ ẹ́, tẹlifíṣọ̀n ní òun ò gba irú ìwọ̀n yìí. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sí 1024 × 768, 60 hertz, àwòrán jáde! Ó kàn fẹ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí àwọn èèyàn fẹ̀ bí agbada, ni mo bá gbé e lọ sí 1360 × 768, ó bá tẹlifíṣọ̀n náà mu wẹ́kú. Inú mi dùn, mo pariwo pe Màmá.

Màmá wá jókòó. Mo tẹ fídíò náà. Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ jáde nínú òkùnkùn 2011 yẹn, iná kan lápá ọ̀tún wọn, ẹnu wọn ń lọ, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, kò sí ohùn kankan. Rárá. Màmá wò ó fún bí ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní, "Wọ́n ní ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀, etí la fi ń jẹ ẹ́. Kí ló ń sọ?" Mi ò lè dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá mọ Ẹ̀fẹ̀ mọ̀ pé orin ni, òru la ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń fi orin sọ, ìbà àwọn ìyá ni wọ́n ń jú. Ẹ̀fẹ̀ tí kò lóhùn, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nìyí, èmi náà ò mọ̀: VGA kì í gbé ohùn. Pupa, gíríìnì, búlúù, àti àmì méjì tó ń sọ ibi tí ìlà àti àwòrán kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀, irú ìyẹn ló ń gbé, kò sí àyè fún ohùn nínú eyín ẹ̀ kankan. HDMI ló ń fi wáyà kan gbé méjèèjì. Tó bá jẹ́ VGA, ohùn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tiẹ̀, láti inú ihò tá a máa ń ki wáyà etí bọ̀.

Mo ní wáyà kan nílé tí ẹnu méjèèjì ẹ̀ rí bí ti wáyà etí. Mo ki ẹnu kan bọ láptọ́ọ̀pù, mo ki ẹnu kejì bọ ihò tí wọ́n ya etí sí lára tẹlifíṣọ̀n. Dákẹ́ ṣì ni. Ó pẹ́ kí n tó rò ó pé ihò yẹn, ohùn ló ń jáde níbẹ̀, kì í wọlé, ti ẹni tó fẹ́ fi etí gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ni. Èyí tó ń gba ohùn wọlé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò búlúù níbi tí mo ti tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ AUDIO IN sí i. (Tí tiyín ò bá ní in, ẹ wá wáyà tó ní ẹnu etí lápá kan, funfun àti pupa lápá kejì, kẹ́ ẹ sì ka ìwé tẹlifíṣọ̀n yín kẹ́ ẹ mọ èyí tó bá PC ṣiṣẹ́ pọ̀.)

Ohùn dé. Ṣùgbọ́n ó bá ariwo wá, hùùùù, bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lókèèrè, ó ń bo orin mọ́lẹ̀. Láptọ́ọ̀pù Èkó ni, ṣájà ẹ̀ ní eyín mẹ́ta onígun mẹ́rin, ihò iná tiwa níbí róbótó méjì ló ń gbà, nítorí náà inú àdápítọ̀ ló máa ń wà, mo kọ́kọ́ rò pé àdápítọ̀ yẹn ni. Mo yọ ṣájà pátápátá, ariwo náà dá wáí. Mo kì í padà, ó bẹ̀rẹ̀. Tí láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n bá jọ ń gba iná, tí wáyà ohùn tún so wọ́n pọ̀, iná díẹ̀ máa ń rìn yípo láàárín wọn, òun lèèyàn ń gbọ́ yẹn. Nígbà míì wáyà àńtẹ́nà ló ń dá a sílẹ̀, ẹ yọ òun náà wò. Èmi ò ní sùúrù mọ́ ní tèmi, fídíò náà ò ju ìṣẹ́jú 22 lọ, bátìrì lè gbé e.

Kí n má gbàgbé, ẹni tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ jẹ́ VGA tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ sì jẹ́ HDMI nìkan, kó ra "VGA lọ sí HDMI" tó ní wáyà USB tó ń gba iná àti wáyà ohùn, èyí tí kò bá ní wáyà ohùn, dákẹ́ náà lẹ máa gbọ́. Ẹni tó ṣì ní tẹlifíṣọ̀n ikùn ńlá, kó wo láptọ́ọ̀pù ẹ̀ bóyá ihò róbótó oníhò kékeré mẹ́rin wà níbẹ̀, S-Video nìyẹn, òun náà kì í gbé ohùn, tí àwòrán bá jáde dúdú àti funfun, kó lọ sínú ètò láptọ́ọ̀pù kó yí i láti NTSC sí PAL (ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń fi àwọ̀ ránṣẹ́ sí tẹlifíṣọ̀n).

Mo bẹ̀rẹ̀ fídíò náà látìbẹ̀rẹ̀. Màmá gbé àga wọn sún mọ́ ọn, kì í ṣe iwájú o, ẹ̀gbẹ́ ibi tí sípíkà wà. Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́fẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń júbà, wọ́n dárúkọ ìyá tó bí wọn, ìyá Màmá mi nìyẹn, Màmá gbọ́wọ́ sókè wọ́n ní kí n dá a dúró. Wọ́n ní kí n dá a padà síbi orúkọ yẹn. Mo dá a padà. Wọ́n ní lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo dá a padà kí bátìrì tó kú, nígbà tó sì kú, àwọn fúnra wọn ló gba orin náà, wọ́n ń kọ ọ́ lọ níbi tí àbúrò wọn dé dúró.

Mo ti ṣe ẹ̀dà ẹ̀ sí fláàṣì méjì. Wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn méjì pé kí wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ní kí n tètè ti ṣájà bọ láptọ́ọ̀pù láti àárọ̀.