Ẹ Má Fi Wàrà Nìkan Díwọ̀n Àbùdá Màlúù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, wàrà rọrùn láti wọ̀n, ìdí nìyẹn tí gbogbo ojú fi máa ń wà lára rẹ̀. Oyún tó bàjẹ́ kò ní garawa tí a ó fi wọ̀n ọ́n. Gbogbo ohun tí ẹ óò rí ni pé abo tí ẹ rò pé ó ti lóyún tún ń wá akọ.

Ẹ wo akọ Holstein (irú màlúù tí wọ́n ń sìn fún wàrà) kan ní Amẹ́ríkà, Pawnee Farm Arlinda Chief, tí wọ́n bí ní 1962. Wàrà àwọn abo tó bí pọ̀ gan-an, wọ́n sì fi àtọ̀ rẹ̀ sínú abo kárí ayé. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé àbùkù wà nínú jíìnì (ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún) kan tó ń fún wọn, tí wọ́n ń pè ní APAF1. Màlúù tó bá jogún ẹ̀dà àbùkù náà kan péré, kò sóhun tó ṣe é. Ọlẹ̀ tó bá gbà á láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá, inú ni yóò kú sí. Bí wọ́n ṣe tọpa rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: ní 2011, wọ́n yẹ àbùdá ẹgbẹẹgbẹ̀rún màlúù wò, wọn ò rí ẹyọ kan tó ní ẹ̀dà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ìṣirò sọ pé ó yẹ kí wọ́n rí. Ní 2016, wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé oyún tó bà jẹ́ ju 500,000 lọ, àdánù rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 420 dọ́là. Síbẹ̀, wàrà tí ìran Chief mú wá níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Torí náà, n kò gbà pé kí a pa gbogbo ẹran tó ní àbùkù náà rẹ́. Kí a má ṣáà jẹ́ kí àwọn méjì tó ní in pàdé.

Ti àwọn màlúù pupa ilẹ̀ Nordic, ní àríwá Yúróòpù, tilẹ̀ le ju èyí lọ. Ní 2014, wọ́n rí i pé apá kan já kúrò lára krómósómù 12 (ọ̀kan nínú àwọn okùn tó gbé jíìnì) àwọn kan nínú wọn. Ẹ̀dà kan ń mú wàrà pọ̀ sí i. Ẹ̀dà méjì ń pa ọlẹ̀. Bí àwọn olùsìn ṣe ń ṣa abo tó lówàrà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú ikú yẹn láìmọ̀.

Wọn óò sọ fún yín pé ìdá tí àbùdá kó nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ kì í sábà kọjá 5 nínú 100, nígbà tí ti wàrà tó nǹkan bí 30. Òótọ́ ni. Oúnjẹ, àìsàn àti àkókò tí wọ́n fi àtọ̀ sí i ló bo ìyókù mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ abo tí akọ kan bí bá pé jọ, ìyàtọ̀ á hàn kedere. Norway ti ń fi ìbímọ kún ohun tí wọ́n fi ń ṣa akọ láti àwọn ọdún 1970. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí díwọ̀n rẹ̀ ní 2003, ìlọsílẹ̀ tó ń bá ìbímọ Holstein sì dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ẹ máa kọ ọjọ́ àtọ̀, orúkọ akọ, àti ọjọ́ tí abo tún wá akọ sílẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 21 ló yẹ kó jẹ́ láàárín ìwákọ kan sí èkejì. Bí àwọn tí ẹ fi àtọ̀ akọ kan náà sí bá ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó padà wá akọ, ó lè jẹ́ pé ọlẹ̀ ló ń kú nínú wọn; ẹ lọ wo ta ni bàbá àwọn abo náà.