Ohun tí oníbébà kan ní Adó kọ́ mi nípa àwìn

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà tí àwìn sì fẹ́ jẹ yín run, ẹ wá oníbébà kan, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn, lọ bá. Bàbá tí èmi bá pàdé ń tajà ní àdúgbò Fájuyì ní Adó-Èkìtì. Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Bí ẹ bá fẹ́ kí irú wọn bá yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ ra bébà. Ẹ má fi àánú bẹ̀rẹ̀. Èmi bi bàbá pé ọjọ́ wo ni ọjà wọn yá jù. Ojú wọn là! Wọ́n ní oṣù kẹjọ 1983 ni, nígbà tí wọ́n kéde pé Ọmọ́boríowó ló borí Ajáṣin nínú ìbò gómìnà Oǹdó tí ìlú gbóná. Ẹni tí kò mọ̀wé gan-an ń ra bébà pé kí ọmọ òun kà á. Wọ́n tún dárúkọ oṣù kẹwàá 2010, tí ilé ẹjọ́ ní Fáyẹmí ni gómìnà Èkìtì. Ní báyìí, fóònù ti sọ ìròyìn tán kí mọ́tò bébà tó dé láti Ìbàdàn.

Ọwọ́ ejẹ́ńtì, ẹni tó ń pín bébà fún àwọn oníbébà, ni wọ́n ti ń gba bébà. Èrè kékeré ló wà lórí ẹyọ kan. Èyí tí kò bá tà, wọ́n á dá a padà, ṣùgbọ́n èyí tó bá ya, tiwọn ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn tó ń dúró kà láìrà. (Àwọn yẹn náà ló ń pariwo jù lórí bọ́ọ̀lù.)

Tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa ń gba àwìn, wọ́n á san án nígbà tí oṣù bá parí. Nígbà tí owó oṣù wá ń falẹ̀, oníbébà púpọ̀ kógbá wọlé, torí owó ejẹ́ńtì ni wọ́n ń tà láwìn. Bàbá ní àpò méjì: ti ọ̀tún jẹ́ ti ejẹ́ńtì, ti òsì ni èrè. Àpò òsì nìkan ló ń ṣe àwìn. Bí ó bá ti gbẹ, wọ́n á sọ fún oníbàárà pé, "Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ kà á níbí." Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Gàrí àti ẹ̀wà lèmi ń tà. Mo ti ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára èrè. Ẹni tó bá fẹ́ gba odindi àpò láwìn nígbà tí èrè ò gbé e, kóńgò kan ni mo máa ń bù fún un, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan ń bínú. Ìyá kan ò tilẹ̀ kí mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń já ọjà fún mi ti ń gbé e sílẹ̀ báyìí kí n tó sanwó.