Omi Wharton, omi odò Ògùn: ohun tí ìwé mọ̀ àti ohun tí àgbà mọ̀

Àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí bá àwọn ará káúńtì Wharton ní Texas wí bó ṣe bá àwọn ará Ìṣẹrì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wí. Bí onílé ṣe ń kọ̀ fún omi ló yàtọ̀. Ní Wharton, ìwé ni wọ́n fi ń kọ̀ fún un: máàpù, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ìnṣọ́ránsì. Nílé, ẹnu àgbà ni, àti yanrìn tí a fi gbé ilẹ̀ ga, àti ẹbí tó máa gba ọmọ àti ẹrù wa sọ́dọ̀ títí omi á fi fà. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston ló ń ra ilẹ̀ níbí àti nílé. Wọ́n á yẹ ìwé omi wò níbí dáadáa, wọn ò sì ní béèrè nǹkan kan nípa omi ti ọ̀hún. Ohun tó ń dunni gan-an nìyẹn.

Wharton tó nǹkan bí ọgọ́ta máìlì sí Houston lójú ọ̀nà 59. Ilẹ̀ ìrẹsì àti òwú ni, ó tẹ́ bí ẹní, omi kì í tètè ríbi gbà lọ. Odò Colorado ló gba ibẹ̀ kọjá (ti Texas ni o, kì í ṣe èyí tó gba Arizona). Odò yìí ti kún bo ilẹ̀ ní 1913, ó sì tún kún nígbà ìjì Harvey, tó gúnlẹ̀ ní 25 Oṣù Kẹjọ 2017. Òjò tó rọ̀ sórí Wharton nìkan kọ́ ló wọlé àwọn èèyàn. Omi òkè odò, láti La Grange àti Columbus, ń bọ̀ lẹ́yìn. Òjò ti dá kí odò tó ga dé òkè pátápátá.

Ẹni tó bá ń gbé nísàlẹ̀ odò Ògùn mọ irú omi bẹ́ẹ̀. Láti 1983 ni dáàmù Ọ̀yán ti wà lókè Abẹ́òkúta. Bí ó bá kún ní Oṣù Kẹsàn-án tàbí Oṣù Kẹwàá, wọ́n á ṣí i, omi á gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú kó tó dé ọ̀sà. Ó lè jẹ́ pé òjò ò rọ̀ níbẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Ní 2010 ó lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé. Ẹ sì má gbẹ́kẹ̀ lé ìdáwọ́dúró òjò Oṣù Kẹjọ: 31 Oṣù Kẹjọ 1980 ni Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn, 26 Oṣù Kẹjọ 2011 ni ìlú náà tún rí èyí tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ní Texas, ẹ tẹ àdírẹ́sì ilẹ̀ sí msc.fema.gov, ìkànnì máàpù omi àkúnya ti ìjọba àpapọ̀, máàpù á jáde. Ibi tó bá ní A tàbí AE ni ibi ewu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é ní “omi ọgọ́rùn-ún ọdún”, wọ́n á wá rò pé bó bá ti dé lẹ́ẹ̀kan, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó dé ní ìpín kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún, èyí tó jẹ́ ìpín 26 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọgbọ̀n ọdún tí ẹ ó fi san gbèsè ilé. Lágbègbè oko, A lásán ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kò ní sọ bí omi ṣe máa ga tó. Ẹ lọ bi ọ́fíìsì káúńtì tó ń bójú tó ilẹ̀ àkúnya, kí ẹ sì gba sọ́fíyọ̀ tó máa wọn bí ilẹ̀-ilé ṣe ga sí. X ni wọ́n ń kọ sí ibi tí ewu ti kéré, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé omi ò lè dé. Àwọn ilé X rí omi Harvey. Láti 2019, òfin Texas ní kí ẹni tó ń ta ilé kọ ọ́ sílẹ̀ bí omi bá ti wọ̀ ọ́ rí. Láti 2022, lánlọ́ọ̀dù náà gbọ́dọ̀ sọ fún ayálégbé bí omi bá ti wọlé láàárín ọdún márùn-ún.

Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í san owó omi àkúnya. Ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1968, bí káúńtì bá sì ti wà nínú ètò náà, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ló lè rà á, ayálégbé náà pẹ̀lú. Ilé gbígbé lè gba tó $250,000, ẹrù inú ilé $100,000, ṣùgbọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó rà wọ́n. Báńkì máa ń fi dandan mú onílé ra ti ilé nìkan. Ìgbà tí omi bá gbé bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì lọ ni wọ́n á tó mọ̀ pé ẹrù ò sí nínú ìwé. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ó máa ń tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi bó bá jẹ́ pé báńkì ló béèrè rẹ̀ nígbà tí ẹ ń gba owó ilé. Ẹni tó bá ń wo ìjì lórí tẹlifíṣọ̀n kó tó ra tirẹ̀ ti pẹ́. Ìparí Oṣù Kẹrin ló dáa jù, torí 1 Oṣù Kẹfà ni àsìkò ìjì máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ní oko gbọ́dọ̀ ka ohun tí kò sí nínú ìwé ìnṣọ́ránsì yìí dáadáa. Kànga, sọ́ọ̀kàwéè, ọgbà onírin, mọ́tò, ẹran ọ̀sìn àti irè oko: kò sí ìkankan níbẹ̀. Abà àti ilé ìkẹ́rùsí nílò ìwé tiwọn.

Bí omi bá fà, ẹ pe ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ya fọ́tò ibi tí omi ga dé lára ògiri kí ẹ tó kó ohunkóhun jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà ara fíríìjì, ẹ̀rọ ìfọṣọ àti ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀. Ẹ gé kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀ pamọ́, kí ẹ tó ju ìyókù nù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ já pátákó ògiri tó ti rin, torí láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni èébu (mold) máa bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì jẹ́ kó gbilẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san owó èébu náà. Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣòfò, tí ẹ fọwọ́ sí, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín ọgọ́ta ọjọ́ sí ọjọ́ tí omi wọlé. Bí àtúnṣe bá tó ìdajì iye tí ilé náà jẹ́, káúńtì lè ní kí ẹ gbé ilé náà ga. Ìnṣọ́ránsì yìí lè fi tó $30,000 kún un fún iṣẹ́ yẹn.

Nílé, ìnṣọ́ránsì omi wà, àmọ́ ara ìwé ti iná ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Bí ẹ bá rà á, ẹ béèrè bóyá wọ́n kọ omi àkúnya síbẹ̀ ní tààrà, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé, torí láìsan owó kò sí ààbò. Àgbẹ̀ ní NAIC, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Nàìjíríà, tí ìjọba máa ń bá san apá kan owó rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tó rà á ò pọ̀. Èsúsù, alájẹṣẹ́kù, ìjọ àti ẹbí ló ń gbé òfò náà. Wọ́n tètè máa ń dé, èyí tí kò sẹ́ni tó lè fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kan náà ló sábà máa ń bá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ kan náà, àpò á wá gbẹ lápapọ̀.

Fífi yanrìn kún ilẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó bá da yanrìn ga ju aládùúgbò lọ ti lé omi sílé aládùúgbò nìyẹn. Bí àdúgbò bá sì tún títì ṣe tó ga ju fọ́ńdéṣọ̀n lọ, ilé tó gbẹ fún ogún ọdún lè di kòtò. Ewu tó le jù ni sọ́ọ̀kàwéè tó wà nítòsí kànga: omi á pò wọ́n pọ̀, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e. Ẹ má mu omi kànga náà títí wọ́n á fi fà á gbẹ, tí wọ́n á fi kẹ́míkà apakòkòrò fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá wà ní Houston tó ń ra ilẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùn, ẹ má gba fọ́tò Oṣù Kejì. Ilẹ̀ gbogbo ló ń rẹwà lẹ́ẹ̀rùn. Ọmọ onílẹ̀ ò ní kọ ìtàn omi sí rìsíìtì fún yín, nítorí náà ẹ rán ẹni tó mọ nǹkan lọ bá apẹja àti àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́. Kó béèrè bóyá àkùrọ̀ ni ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn, torí ibi tí ẹ̀fọ́ bá ti ń yọ láìsí òjò, omi wà nítòsí lábẹ́ rẹ̀. Kó wo ara igi àti ògiri ilé àtijọ́ fún àpá ẹrẹ̀. Kó sì tún padà lọ ní Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí dáàmù, kó dúró lórí ilẹ̀ náà, kó ya fọ́tò ibi tí omi dé lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ rí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́.