Wọ́n Rò Pé Inú Ilé Big Brother Ni Mo Wà

Fọ́tò kan ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo wọ kóòtù pupa tí mo rà ní òkìríkà ní pọ́n-ùn mẹ́fà, mo dúró ti ọkọ̀ dúdú kan lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa ní Leeds, mo gbé e sórí WhatsApp. N ò tíì bọ́ kóòtù náà tí àbúrò mi ti kọ̀wé láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Àǹtí wa sẹlẹ́bù! Ẹ kú oríire ọkọ̀ o." Ọkọ̀ ọ̀gá wa ni. Bọ́ọ̀sì lèmi wọ̀ débẹ̀, òjò sì ti fi ogún ìṣẹ́jú na ẹ̀yìn mi kó tó dé.

Ọjọ́ kejì ni ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde. Ó ní kí n bá òun wá ₦150,000, òun fẹ́ fi rán aṣọ mẹ́ta, kóun sì sanwó fún ẹni tó máa bá òun ya fídíò, torí òun tún fẹ́ dán Big Brother wò, eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń kó èèyàn sínú ilé kan níwájú kámẹ́rà, tí ẹni tó bá borí á gba owó ńlá. Mo ní kò sí lọ́wọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọlé, ẹ kì í rántí àwa tá a ṣì wà níta."

Tẹ́ ẹ ti wọlé! Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi sùn, ó bá mi jí.

Mo ní "tún" torí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 2019, nígbà tí wọ́n wá yẹ èèyàn wò ní Ìbàdàn, ìdájí ló wọkọ̀ ní Tákíè, ó gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ tó ń tú oríkèé ara, ó lọ tò sórí ìlà títí oòrùn fi wọ̀. Ìbéèrè méjì péré ni wọ́n bi í. Ó padà dé pẹ̀lú bàtà tó ti já. BTech ni ọmọ yìí gbà ní LAUTECH, nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. POS ló ń ṣe ní Under G, lẹ́bàá iléèwé náà, báyìí.

Màmá mi kò fẹ́ràn Big Brother tẹ́lẹ̀. Ìyẹn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 2006, tí Katung Aduwak gba $100,000, ilé aládùúgbò la ti ń yọjú wò ó. Màmá á máa kígbe látẹ̀yìn pé kí la ń wò lára ẹni tó ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 2020, tí kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé, òun gan-an ló ń dáwó epo jẹnẹrétọ̀. Laycon, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú ilé náà lọ́dún yẹn, ni tiwọn. Ọmọ Ògùn ni, àmọ́ ẹ̀ ń ṣeré, ọjọ́ tó gba ₦85 mílíọ̀nù, tó kó ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ṣe lẹ ó ṣebí àgbàlá wa ló bí i. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ mímu lójúde gbé ìkòkò kalẹ̀, ó jó. Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Àjílété, bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Wọ́n ń wo irú ẹ̀ níbí náà o. Ọdún 2000 ni ti Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀. Bíríkìlà kan láti Liverpool, Craig Phillips, ló gba £70,000 àkọ́kọ́, ó sì kó gbogbo ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ obìnrin kan tó nílò kí wọ́n pààrọ̀ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìyá tiẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní ìyá ni?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nínú yàrá tí a ti ń mu tíì níbi iṣẹ́, Love Island ni wọ́n ń sọ, irú eré bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá olólùfẹ́ níwájú kámẹ́rà. Wọ́n á fi àwọn ọmọ inú ẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n á bú eyín wọn, wọ́n á bú ètè wọn, wọ́n á fọ ife, wọ́n á padà sẹ́nu iṣẹ́. N ò tíì rí ẹnìkan nínú wọn tó ní òun fẹ́ wọ ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Ìgbà tí mo jókòó ṣírò ẹ̀ ló tó yé mi. Ní 2023, ₦120 mílíọ̀nù ni wọ́n fún Ilebaye tó borí ní Big Brother Nàìjíríà. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, ₦30,000. Ẹni tó bá ń gbà á, tí kò jẹ, tí kò mu, yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù 4,000 kó tó rí irú owó yẹn. Ọdún 333. Níbí ńkọ́? £50,000 ni ti Love Island, èèyàn méjì ló sì máa ń pín in. Wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín ní £10.42 lọ́dún 2023 yẹn. Ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, kò ní gbà á ní ọdún méjì ààbọ̀ kí £50,000 pé. Nítorí ọdún méjì ààbọ̀, ta ló máa lọ sùn níwájú kámẹ́rà?

Kì í ṣe pé Ìlú Ọba mọ òdodo ju. Ohun tí àgbà agbábọ́ọ̀lù ibí ń gbà lọ́sẹ̀ kan, ọdún mẹ́wàá ò lè fún mi. Owó ilé ń gba ààbọ̀ owó mi. Àmọ́ èyí tó kù, mo lè kà á, mo sì mọ ọjọ́ tó máa wọlé.

Ohun tí n kì í sọ fún wọn nílé ni ti alẹ́. Màmá òyìnbó kan wà lára àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú níbi iṣẹ́, wọ́n ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ wọn mẹ́ta, Kérésì là ń rí wọn. Bó bá di aago mẹ́wàá tí olùka ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n bá ti kí gbogbo ayé káalẹ́, màmá á gbé orí sókè, wọ́n á ní, "Káalẹ́ o, ọmọ mi. Táì yẹn yẹ ẹ́." Wọ́n á dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí kó fèsì. Mo kọ́kọ́ máa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ ohùn ara mi nínú yàrá mi, tí mo ń dá ọkùnrin náà lóhùn.

Alẹ́ àṣekágbá Big Brother ti 2023 yẹn, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, aago ibí àti ti ilé ṣì dọ́gba. Àbúrò mi pè mí, ó kọ fóònù sí tẹlifíṣọ̀n kí n lè wò ó. N ò rí nǹkan kan, iná funfun lásán. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ wọn. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo ń gbọ́ ẹnìkan tó ń ní kí wọ́n gbé àga kúrò lójú òun, mo gbọ́ ikọ́ màmá mi. Bí ariwo ṣe sọ, èmi náà fò dìde, mo figbe ta. Nẹ́tíwọ̀kì já. Ní àárọ̀ mo bá pépà kékeré lábẹ́ ilẹ̀kùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra. Ẹni tó ń gbé lókè mi ló kọ ọ́. Mo mọ bó ṣe ń kọ̀wé, n ò mọ orúkọ ẹ̀ títí dòní.

Mo ti gbìyànjú láti ṣàlàyé fún màmá mi pé ó ń ṣe mí bí kí n wálé. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, Kábíyèsí Ṣọ̀ún wa kúrò ní Amẹ́ríkà lóòótọ́, wọ́n wá jọba. Ìwọ, kí lo fẹ́ wá jẹ?" Mo rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Mo fi ₦30,000 ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Sátidé, mo ní kó fi kún owó POS. Mo mọ̀ pé aṣọ ló máa fi rà. Ó bínú sí mi, ó lè máa bínú lọ. Ohun tí n ò sọ fún un ni pé lọ́jọ́ Ìbàdàn yẹn ní 2019, owó ọkọ̀ ẹnìkan péré ló kù lọ́wọ́ mi. Mo kó o fún un ní ìdájí, mo ní kó máa lọ. Kò bi mí ìdí tí mo fi dirun tuntun ní alẹ́ tó ṣáájú.