Ẹ Wo Ẹni Tó Dìde Kí Ẹ Tó Ka Àwọn Tó Ṣubú

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Deontay Wilder, akànṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ka iye síta: ìjà 42 ló borí, 41 ló fi nọ́káòtù parí. Bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn kó tó bá Tyson Fury, akànṣẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, pàdé lẹ́ẹ̀kejì ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ẹlòmíì á dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Àwọn ta ló lù? Ṣé àwọn ọlọ́kadà yẹn?" Ibẹ̀ ni ariwo á ti sọ, kò tún ní sí ẹni tó ń gbọ́ ti ẹnìkejì mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sídìí irú àríyànjiyàn yìí ní Abẹ́òkúta, pàápàá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ìjà òru Las Vegas bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ojú gbogbo wa ṣì pọ́n fún àìsùn. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n máa ń dà pọ̀. Bí ẹ̀ṣẹ́ ọkùnrin kan ṣe le tó, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí àwọn tó bá jà ṣe mọ ìjà jà tó, ọ̀tọ̀ nìyẹn náà. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé, kó kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀ṣẹ́; Kóòṣì la máa ń pè é. Ó ní kí n bá òun di tìmùtìmù tí wọ́n ń kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ mú lọ́jọ́ kan. Ọmọ àkọ́kọ́ sígbọnlẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ń dún gbì, gbì, ó sì wù mí. Èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀ kò pariwo, ṣùgbọ́n kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti yẹ̀ sẹ́yìn. Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ariwo kò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú rí. Tó o bá ń wo ìjà, fi ọwọ́ ẹni tó ń kàn án sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n kàn ni kó o máa wò." Àtìgbà náà ni mo ti ń wo ẹsẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ̀ṣẹ́ tó kàn ń dunni lásán, ojú ló ń bà jẹ́. Èyí tó bá dé ọpọlọ, orúnkún ló ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ìbéèrè tí mo máa ń bi ẹni tó bá kó nọ́káòtù wá bá mi ni pé: ta ló ti dá ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀ ṣáájú? Ẹ mú Audley Harrison. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó gba góòlù Òlíńpíìkì ní Sydney lọ́dún 2000, orúkọ rẹ̀ sì tóbi. Wilder bá a jà ní Sheffield ní oṣù Kẹrin 2013, ìṣẹ́jú àáyá 70 ló lò lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn-ún gbọ́ tó! Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ṣáájú ìgbà yẹn, David Price ti fi ìṣẹ́jú àáyá 82 ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àgbọ̀n Harrison ni ìjà méjèèjì ń ròyìn fún wa, kì í ṣe ọwọ́ Wilder. Siarhei Liakhovich náà nìyẹn. Ó ti di bẹ́líìtì àgbáyé ti àjọ WBO mú rí lọ́dún 2006, ṣùgbọ́n kí Wilder tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 2013, Robert Helenius àti Bryant Jennings ti dá a dúró kí iye ráùndì tó pé. Nínú ìjà 32 àkọ́kọ́ tí Wilder jà, kò sí èyí tó kọjá ráùndì kẹrin. Mi ò ní kò wúlò o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn kò tíì ṣe akin. Òjò la ń retí.

Àkọsílẹ̀ pàápàá lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Efe Ajagba, ọmọ Nàìjíríà tó lọ Òlíńpíìkì Rio ní 2016, ní ìjà kan lórúkọ rẹ̀ tó parí ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ní Minneapolis ni, oṣù Kẹjọ 2018. Bí aago ṣe dún ni Curtis Harper kẹ́yìn sí i, ó gba àárín okùn bọ́ sílẹ̀, ó ń lọ sílé rẹ̀. Wọ́n kọ ìjà náà sílẹ̀ fún Ajagba. Ẹ̀ṣẹ́ kankan kò fò.

Òjò tí à ń retí rọ̀ ní Los Angeles lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá 2018. Fury wọ̀n tó póùn 256.5, Wilder kò ju 212.5 lọ. Fury ń yẹ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ó ń yọ ahọ́n sí i, ó ń fi í ṣẹ̀sín. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní ráùndì kẹsàn-án, ó dìde. Ní ráùndì 12, ọwọ́ ọ̀tún wọlé, òsì tẹ̀lé e, Fury sì nà gbalaja, ó dojú kọ àjà. Rẹfirí kúnlẹ̀ tì í, ó ń kà. Gbogbo ilé tí a ti ń wò ó ti dìde, àwọn kan ti ń jó. Àfi bí Fury ṣe tún dìde! Ọ̀mì ni wọ́n pè é nígbẹ̀yìn. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ní kí n mú ẹ̀rí kan ṣoṣo wá nípa ẹ̀ṣẹ́ Wilder, ìjà tí kò borí yẹn ni mo máa mú wá, nítorí kò sẹ́ni tó tíì tẹ́ Fury sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ padà sínú ìtàn, ẹ máa rí i pé bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń rí. Earnie Shavers fi nọ́káòtù borí ìjà 68, kò sì gba bẹ́líìtì àgbáyé láyé rẹ̀. Kí ló dé tí gbogbo èèyàn fi gbà pé ọwọ́ rẹ̀ wúwo? Nítorí àwọn tó nà án ni. Ní oṣù Kẹsàn-án 1979, ó gbá Larry Holmes lulẹ̀ ní ráùndì keje, ó wó bí igi. Holmes dìde, ó sì dá a dúró ní ráùndì 11. Muhammad Ali náà fi máàkì borí rẹ̀ ní 1977, síbẹ̀ ó máa ń ṣàwàdà pé ẹ̀ṣẹ́ Shavers le débi pé ó mi àwọn ẹbí òun ní Áfíríkà. (Mi ò rántí pé ilẹ̀ mì níhìn-ín.) Ọmọ tiwa náà, Samuel Peter láti Akwa Ibom: ìjà 24 ló ti borí, 21 nọ́káòtù, àwọn èèyàn sì ń yínmú pé ta ló tíì bá jà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2005, ní Atlantic City, ó gbá Wladimir Klitschko lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Klitschko ló borí lọ́wọ́ adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò tún gbọ́ kẹ́nikẹ́ni bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ́ Peter le.

Àbúrò kan bi mí léèrè nídìí ọ̀rọ̀ yìí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé Steve Cunningham kò gbá Fury yìí kan náà lulẹ̀ ní New York ní 2013? Ṣé tirẹ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ìbéèrè gidi. Francis Ngannou pàápàá, tí kò tíì ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ nígbà náà, gbá Fury lulẹ̀ ní Riyadh ní 2023. Fury máa ń ṣubú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ohun tí mo fi dá a lóhùn ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni Cunningham, ẹ̀ẹ̀kan ni Ngannou. Wilder gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìjà mẹ́ta, méjì nínú rẹ̀ ní ráùndì kan ṣoṣo ní oṣù Kẹwàá 2021. Ẹlẹ́rìí kan kò sì tó fún ẹjọ́ yìí. Ẹ pe ẹnìkejì.

Luis Ortiz ni mò ń wí, ọmọ Kúbà, ọlọ́wọ́ òsì, ògbójú nínú iṣẹ́ yìí. Kò tíì pàdánù rí nígbà tó bá Wilder jà ní Brooklyn ní oṣù Kẹta 2018. Ó lù ú débi tí Wilder ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní ráùndì keje, kí Wilder tó ríbi tún ara ṣe tó sì dá a dúró ní ráùndì kẹwàá. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù Kọkànlá 2019. Ráùndì mẹ́fà parí, adájọ́ méjì fún Ortiz ní máàkì 59 sí 55, ẹ̀kẹta fún un ní 58 sí 56. Wilder fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì ṣe nǹkan kan. Ní ráùndì keje, ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ni, Ortiz jókòó sílẹ̀, kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lò tí wọ́n fi kà á tán. Apá tó wú mi lórí jù nìyí: ní 2022, Andy Ruiz gbá Ortiz yìí lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ruiz tó dá Anthony Joshua dúró ní 2019 ni o. Ortiz sì ti dàgbà sí i. Síbẹ̀, ó dìde lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta, ó ja ráùndì 12 pé. Ẹ wá fi ìyẹn wé ọwọ́ ọ̀tún Las Vegas.

Ẹ mọ̀ pé a ò lè sọ̀rọ̀ yìí ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí Joshua má wọ̀ ọ́. Ọmọ Ṣágámù ni bàbá rẹ̀, Ṣágámù kò sì jìnnà sí wa, nítorí náà gbogbo wa la ní ojúsàájú. Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ máa ń mú Eric Molina jáde: ráùndì kẹta ni Joshua lò lára rẹ̀ ní 2016, kẹsàn-án ni Wilder lò ní 2015. Àwọn ti Wilder á mú Dominic Breazeale jáde: Joshua, ráùndì keje, Wilder, ráùndì kìíní. Helenius ńkọ́? Joshua, keje; Wilder, ìkíní. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi irú ìṣirò yìí dá ẹjọ́. Helenius tí Joshua bá jà ní oṣù Kẹjọ 2023 ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ìjà míì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni, wọ́n kàn pè é wá rọ́pò ẹni tí ìjà tirẹ̀ wọ́gi lé. Ọkùnrin kan kì í jẹ́ ọkùnrin kan náà lálẹ́ méjì.

Ní ti bí àwọn alátakò ṣe tó, ibẹ̀ ni Joshua ti ju Wilder lọ, kò sì yẹ kó gba ariwo. Ó ti bá Klitschko, Parker, Ruiz lẹ́ẹ̀mejì, Usyk lẹ́ẹ̀mejì àti Dubois jà, gbogbo wọn ló ti di bẹ́líìtì àgbáyé mú rí. Ó pàdánù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró síwájú wọn. Wọ́n á ní ọmọ ọdún 41 ni Klitschko nígbà tí wọ́n pàdé ní Wembley ní oṣù Kẹrin 2017. Òótọ́ ni. Ohun tí arúgbó náà gbé wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni kí ẹ wò: ó gbá Joshua lulẹ̀ ní ráùndì kẹfà, ó sì gbà tó ráùndì 11 kí wọ́n tó dá a dúró. Ọjọ́ orí kọ́ ló ja ìjà yẹn. Ti Wilder ní tirẹ̀, Molina, Duhaupas, Szpilka, Arreola, Washington, kò sí ẹni tí ẹ máa jí lóru tìtorí rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má dá a lẹ́bi gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti mú ọjọ́ fún òun àti Alexander Povetkin ní Moscow ní 2016 kí àyẹ̀wò tó rí meldonium, oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀, lára Povetkin. Ìjà náà túká. Ẹni tí kò wá, báwo lo ṣe fẹ́ lù ú?

Ẹ̀ṣẹ́ líle tún ní ohun tó ń bì í ṣubú. Ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá: ẹsẹ̀ á tẹ̀ mọ́lẹ̀, ìbàdí á yí, kó tó dé ìkúùkù. Wilder kì í wúwo, torí náà ó nílò àyè àti ẹsẹ̀ tó dúró. Ní oṣù Kejì 2020, Fury gbé póùn 273 wá, kò sì sá mọ́. Ó ń tì í sẹ́yìn láti ráùndì kìíní. Ẹni tó ń rìn sẹ́yìn kò lè rí ilẹ̀ tẹ̀. Ní ráùndì keje, àwọn ará igun Wilder ju táwẹ́lì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ní aṣọ tí òun wọ̀ wọlé, tó ju póùn 40 lọ, ló gba agbára ẹsẹ̀ òun. Kóòṣì wa gbọ́ ọ, ó ní, "Ta ló rán an níṣẹ́ egúngún?"

Nígbà tí Parker fi máàkì borí Wilder ní oṣù Kejìlá 2023, tí Zhilei Zhang sì dá a dúró ní ráùndì karùn-ún ní oṣù Kẹfà 2024, àwọn kan fò sókè pé ṣé a rí i báyìí, ṣé àwọn ò ti sọ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbà. Bí mi ò bá ka Harrison sí èrè rẹ̀, mi ò lè ka Zhang sí gbèsè ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ìjà mẹ́ta pẹ̀lú Fury ti gba nǹkan lára ọkùnrin yẹn. Kẹ́ni tó bá fẹ́ jà mí níyàn padà lọ wo ti Parker lẹ́ẹ̀kan sí i, kó bá mi ka iye ìgbà tí Wilder ju ọwọ́ ọ̀tún yẹn gan-an láti ráùndì kìíní dé 12.