Jẹ̀díjẹ̀dí àti ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn: láti ọjọ́ méjì ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tí jẹ̀díjẹ̀dí ń bá fínra, tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Àbújá, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kò ní fẹnu kan omi láti àárọ̀. Ẹ̀rù ìgbọ̀nsẹ̀ ojú ọ̀nà ló ń bà á. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìfun ńlá ló ń fa omi kúrò lára ìgbẹ́. Bí omi ara bá ti dín kù, tí èèyàn tún pa ìgbẹ́ mọ́ra fún wákàtí mẹ́wàá, ohun tó máa jáde lálẹ́ á ti gan. Bó bá wá ń fi agbára tì í jáde, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti wú sí ihò ìdí á tún wú sí i, wọ́n á bó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa kán. A ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí, àmọ́ kì í ṣe ṣúgà. Ìgbẹ́ líle, ìjókòó pípẹ́, oyún àti ẹrù wúwo ló ń dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ìrìnàjò bá ti ku ọjọ́ méjì ni kí ẹ ti máa tọ́jú ìfun. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ewédú, ilá àti ìbẹ́pẹ. Bí ó bá jẹ́ ọsàn ni, ẹran ara rẹ̀ ni kí ẹ jẹ. Omi rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fà mu, a ó wá ju ohun tí ìdí nílò sínú ìdọ̀tí. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jẹ lójijì o, ikùn á wú, afẹ́fẹ́ á sì dààmú yín nínú ọkọ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń le tẹ́lẹ̀ lè ra lactulose, òògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, ní kẹ́míìsì: mílílítà 15, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó lè tó wákàtí 48 kó tó ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí mímu ún láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò kò fi wúlò. Kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn kó tó lò ó.

Bí bọ́ọ̀sì bá máa gbéra ní aago mẹ́fà, ẹ jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ mu ògì gbígbóná tàbí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, torí pé bí oúnjẹ bá ti wọ inú, ìfun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ lọ jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé garawa kékeré tí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ, ẹ má sì lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Fóònù kò gbọdọ̀ bá yín wọlé.

Nínú ọkọ̀, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá omi kan láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí bọ́ọ̀sì bá dúró ní Òrè tàbí Lọ́kọ́jà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ rìn káàkiri, bí ìgbẹ́ bá sì ń gbọ̀n yín, ẹ lọ yà á. Ẹ gbé bútà kékeré dání, omi ni kí ẹ fi ṣan ìdí, kí ẹ wá fi tíṣù tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má fi nù ún gbáragbára. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ dára láti jókòó lé. Èyí tó nihò láàárín kì í ṣe ọ̀rẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, nítorí ìdí á rọ̀ sínú ihò náà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà síbẹ̀. Òògùn tí a ń tì bọ ìdí máa ń yọ́ nínú ọkọ̀ tó gbóná. Bó bá ti rọ̀, ẹ rì í sínú omi tútù pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ kó le kí ẹ tó tú u. Ìpara tó ní hydrocortisone kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ, torí ó ń sọ awọ ibẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Paracetamol tó fún ìrora. Codeine àti tramadol ń mú ìgbẹ́ le, ibuprofen sì lè mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i.

Bẹ́ ẹ bá dé ilé ìtura tí ìdí ti wú, ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, irú èyí tí a fi ń wẹ ọmọ, sínú bàsíà, kí ẹ jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má da òògùn apakòkòrò sí i, á ta yín gidi gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé omi ọ̀rá tó ti di yìnyín, kí ẹ fi lé ibi tó wú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹran jẹ̀díjẹ̀dí bá yọ síta, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi faselíìnì sí ìka, ẹ fi ìhà òsì dùbúlẹ̀, ẹ ká orúnkún mọ́ àyà, kí ẹ rọra tì í padà. Bó bá kọ̀ tó sì ń dùn, ilé ìwòsàn ni.

Àgbo jẹ̀dí inú ọtí tí wọ́n ń tà ní garéèjì ń bí mi nínú. Ọtí ń fa omi kúrò lára, àgbo ọ̀hún sì lè ṣí inú gbuuru, ìgbẹ́ gbuuru náà ń họ ojú jẹ̀díjẹ̀dí bí èyí tó le ṣe ń họ ọ́.

Kókó líle aláwọ̀ dúdú tó yọ lójijì tó sì ń dunni gan-an, ẹ̀jẹ̀ tó dì ni. Dókítà lè gé e láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ara lè tù yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ó sábà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, tí ojú ń ṣú yín, tí ibà wọlé, tàbí tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ máa padà délé. Ẹ̀jẹ̀ ìdí kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí nígbà gbogbo. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun, pàápàá fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tàbí tó ń rù láìnídìí, dókítà ló sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.